Àdín Àgbọn Tí Kò Ní Èèpo

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i o! Kì í ṣe pé ẹnì kan wá sọ fún mi, kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n ń pín kiri lórí fóònù. Mo wà níbẹ̀, mo dúró gbọin, mo wò ó títí ó fi tán. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n rò ó fún yín bó ṣe rí, torí àwọn kan ti ń gbé e kiri ní Bìní níbí pé ìlara ló mú mi ṣe é. Ìlara kẹ̀? Èmi?

Ẹni tó mọ̀ mí mọ̀ pé mi ò kàwé. Ìwé kẹta ni mo dé ní Ọ̀wọ̀ tí mo fi jù ú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé mi rèé ní àdúgbò Oregbeni, mo kọ́ ọ láti ìpìlẹ̀ títí dé òrùlé, àwọn tó ní dìgírì ló sì ń gbé inú rẹ̀. Wọ́n ń pè mí ní lańlọ́ọ̀dù, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀! Kí ló kọ́ ilé náà? Kẹ́ẹ̀gì àti ìgò òfìfo ni. Òun ni mò ń tà láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí.

Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo wá bá mi, kí ẹ fi aṣọ dì mí lójú. Tí mo bá ti fi imú kan ẹnu rẹ̀, màá sọ ohun tó ti gbé rí fún yín. Epo pupa ni o, kẹrosíìnì ni o, ọtí ni o, oògùn kòkòrò ni o, mi ò ṣì í rí. Yunifásítì wo ló ń kọ́ èèyàn nírú ẹ̀?

Iṣẹ́ yìí náà ló sọ mí di onífura. Ẹni tó ń ta ìgò kì í pẹ́ mọ àṣírí ìlú. Bí ẹnì kan bá ń ra ìgò oyin lójoojúmọ́, tí mi ò rí àpá ibi tí oyin kan ṣoṣo ti ta á, mo máa ń bi ara mi pé, kí lẹni yìí ń rọ sínú ìgò mi?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ìyàwó mi, Ìyá Ṣọlá, torí òun lọ̀rọ̀ yìí bá.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, Yorùbá ló pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyàwó kéékèèké ni ìyá wọn ò sí nítòsí. Bí wọ́n bá bímọ, ta ni yóò wẹ ọmọ tuntun fún wọn? Ìyàwó mi ni! Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, á gbé báàfù rẹ̀ lé orí, ó di ilé ìyálọ́mọ. Á wẹ ọmọ, á nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀, á fọwọ́ tẹ orí rẹ̀ kó lè rí róbótó, á wá fi òrí tàbí àdín pa á láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Kì í gba kọ́bọ̀. Ohun tó ń gbà ni pé wọ́n á ní, "Ọwọ́ Ìyá Ṣọlá tutù. Ọmọ tó bá wẹ̀ máa ń sùn."

Ẹ ò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe máa ń dùn mọ́ mi! Mo lè wà ní ìsọ̀, kí obìnrin kan gbé ọmọ kọjá, kí ó ní, "Bàbá, ìyàwó yín ló wẹ eléyìí o." Àyà mi á kàn gbòòrò.

Ó wá ku Fúnmi.

Ọmọ ọ̀rẹ́ mi ni. Èmi àti bàbá rẹ̀ jọ wá láti Ọ̀wọ̀ ni, orí ẹní kan la jọ sùn nígbà tí a ò tíì ní ìyàwó. Òun ni alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa níbí lónìí. Fúnmi jáde yunifásítì ní Ugbowo, iṣẹ́ ò sí, ló bá ní òun fẹ́ máa ṣe àdín àgbọn tí èèyàn ń fi para. Kò sí kẹ́míkà, kò sí bílíìsì, ohun tó ti ara igi wá nìkan ni. Ó gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, ó lẹ bébà aláwọ̀ ewé mọ́ ara ìgò, ọjà bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dọ̀ mi ló ti ń ra ìgò. Mo sì ń bá a yọ̀! Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ìgò díẹ̀ ló ń rà, ọwọ́ rẹ̀ sì máa ń ta òórùn àgbọn tó bá wá. Nígbà tó yá, ó di páálí lórí páálí. Ọwọ́ rẹ̀ ò rùn mọ́.

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fura.

Ìyá tó bí mi lọ́mọ, àdín ẹkùrọ́ ni wọ́n ń ṣe. Bí wọ́n bá gbé e kaná, gbogbo àdúgbò ló máa mọ̀. Èéfín á bo ojúlé, èèpo ẹkùrọ́ á di òkìtì, òórùn á wọ inú aṣọ tí a fẹ́ wọ̀ lọ síléèwé. Àgbọn náà kò yàtọ̀. Ẹni tó ń fún òróró inú àgbọn gbọ́dọ̀ ní èèpo tó ń dà nù, ó gbọ́dọ̀ ní ṣáṣá rẹ̀ tó kù lẹ́yìn fífún, tí ewúrẹ́ ń tẹ̀ lé. Mo gbé ìgò lọ sí ṣọ́ọ̀bù Fúnmi, mo wo iwájú, mo wo ẹ̀gbẹ́. Kò sí èèpo. Kò sí ṣáṣá. Kò sí ewúrẹ́. Eṣinṣin pàápàá ò yà síbẹ̀!

Mo bi í pé, Fúnmi, níbo lo ń da èèpo àgbọn sí? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Daddy, ayé ti kọjá ibẹ̀ o. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á kàn gbé e wá fún mi." Mo ní níbo ni wọ́n ti ń gbé e wá? Ó ní ẹ̀bá Èkó.

Ẹ̀bá Èkó! Ṣé ẹ̀bá Èkó tún jẹ́ orúkọ ìlú ni? Mo pa á mọ́ sínú.

Mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi. Ó fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Ó ní, "Bàbá Ṣọlá, ẹ̀yin náà! Tí mo bá se ọbẹ̀ tó dùn, ẹ ó bi mí pé kí ni mo fi sí i. Tí mi ò bá sì fi nǹkan kan sí i, ẹ ó ní mò ń ṣahun. Ọmọ wa ni Fúnmi. Ṣé ọmọ wa ló máa wá pa wá?"

Ọmọ wa ni. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Àwa Yorùbá tí a wà nílẹ̀ onílẹ̀, bí Ẹdó bá ń tajà fún wa, a ó tọ́ ọ wò, a ó gbóòórùn rẹ̀, a ó yí i sọ́tùn-ún yí i sósì. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti ní ọmọ wa ló ń tà á, a ó dijú, a ó na ọwọ́. Ẹ sọ fún mi bóyá irọ́ ni mò ń pa!

Ìyàwó mi kò dúró lórí kó máa fi àdín Fúnmi para nìkan. Òun ló ń bá Fúnmi polówó rẹ̀ láàárín àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú rẹ̀ sì ń dán lóòótọ́, ó ń dán gbinrin bí ìgò. Mo wò ó, mo mi orí.

Kò pẹ́ sí i, ìyàwó Kúnlé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa bímọ. Kúnlé yìí, báńkì ló ń bá ṣiṣẹ́, ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Wọ́n ti retí ọmọ yẹn títí. Ìyá ìyàwó rẹ̀ sì ti kú. Ta ni wọ́n máa ké sí? Báàfù dé orí Ìyá Ṣọlá.

Àdín tí ó máa ń gbà láti ilé ti tán. Ló bá mú ìgò Fúnmi dání. Ó sọ fún mi, inú rẹ̀ dùn, ó ní ọmọ yìí yóò jẹ ìgbádùn, kò ní í máa ta òórùn àdín bí ọmọ ayé àtijọ́.

Ó wẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Ni Kúnlé bá yọ sí wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Kò jókòó. Ilẹ̀ ló ń wò.

Ó ní, "Mama, ẹ má ṣe ìyọnu wíwá lọ́la mọ́."

Ìyàwó mi ní, "Kí ló dé? Ṣé kò sí o? Ọmọ ńkọ́?"

Ó ní ara ọmọ sú wẹẹrẹ láti ọrùn dé itan, iléròrò tó ń pọ́n bí ata. Wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì béèrè ohun tí wọ́n fi ń pa á lára, ó fún wọn ní ìpara, ó ní kí wọ́n má fi ohun mìíràn kàn án.

Ìyàwó mi ní kí òun wọ bàtà kí àwọn jọ lọ wo ọmọ. Kúnlé ní rárá mà, ọmọ ń sùn. Irọ́ ni! Ẹni tí ara ń yún, ṣé ó ń sùn?

Tó bá jẹ́ pé òróró ni wọ́n dá lẹ́bi, ì bá sàn. Ọwọ́ ni wọ́n dá lẹ́bi o! Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, wọ́n ń sọ ọ́ ní wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ní, "Ẹ ò mọ ohun tí ọwọ́ ti kàn kó tó kan ọmọ." Òmíràn ní àgbà tó ń wẹ ọmọ ọlọ́mọ lọ́fẹ̀ẹ́, kí ló ń gbà níbẹ̀? Ẹ gbọ́ ìyẹn! Ọwọ́ tó wẹ ọmọ tiwọn náà! Ìyàwó mi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó délé, ó dojú báàfù dé sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó wọlé, kò jẹun.

Ara mi gbóná. Ẹnikẹ́ni lè bú mi, mo ní èsì. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyàwó mi? Mo ní màá mọ ohun tó wà nínú ìgò yẹn, bí ó bá jẹ́ ohun ìkẹyìn tí màá ṣe ní Bìní.

Fúnmi ti ní kí n gbé páálí ìgò wá lọ́sàn-án. Mo gbé e lọ láàárọ̀. Mo wọ kẹ̀kẹ́ dé Ugbowo, mi ò gba iwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yìn ni mo gbà. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ díẹ̀.

Mo rí kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta nílẹ̀. Mo sì mọ̀ wọ́n! Gbogbo kẹ́ẹ̀gì tí mo bá tà ni mo máa ń fi irin gbígbóná sàmì sí lábẹ́ ọwọ́, kí àwọn olè má baà tún un tà fún mi. Àmì mi nìyẹn. Ta ni mo ta irú àwọn kẹ́ẹ̀gì yẹn fún? Ọkùnrin tó ń ta òróró máṣíìnì fún àwọn télọ̀ ni. Òróró tí wọ́n ń kán sí ẹ̀rọ ìránṣọ!

Fúnmi kò rí mi. Ó ki àrọ bọ ẹnu ìgò, ó ń rọ òróró tó mọ́ gaara láti inú kẹ́ẹ̀gì mi sínú ìgò mi. Tó bá kún, á mú ìgò kékeré kan, á kán òórùn àgbọn sí i, irú èyí tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò, á mì í, á dé e. Ìgò kan. Òmíràn. Òmíràn. Mo dúró, mo wò ó.

Mo wúkọ́.

Àrọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ha! Daddy! Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ ò pè kí ẹ tó máa bọ̀."

Mo ní láti ìgbà wo ni mo ti ń pe ọmọ mi kí n tó gbé ìgò wá fún un? Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi imú kan ẹnu kẹ́ẹ̀gì. Kò sí àgbọn kankan níbẹ̀. Òróró máṣíìnì ni!

Ó kọ́kọ́ fi gẹ̀ẹ́sì bò mí mọ́lẹ̀. Ó ní irú èyí dára fún ara, gbogbo àwọn tó ń ṣe ìpara ló ń lò ó. Mo ní kí ló dé tó fi kọ àgbọn sára ìgò? Ó wá kúnlẹ̀. Ó ní òun bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àgbọn gidi, òun ń rẹ́ ẹ títí ọwọ́ òun fi ń bó, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn oníbàárà pọ̀, àgbọn ò tó mọ́, òun bẹ̀rẹ̀ sí í fi èyí lú u díẹ̀díẹ̀, títí àgbọn fi tán nínú rẹ̀. Ó ní, "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, I beg, ẹ má sọ fún bàbá mi."

Àánú ṣe mí. Èmi náà bímọ. Mo ní kò burú, kó kàn wá bá ìyàwó Kúnlé, kó sọ fún un pé òróró ni, kì í ṣe ọwọ́. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́.

Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yìí sọ! Ó dìde, ó gbọn orúnkún rẹ̀, ó ní báwo ni òun ṣe mọ̀ pé òróró ni? Àwọn èèyàn ń lò ó, ara wọn ò sú. Ó lè jẹ́ ọṣẹ. Ó lè jẹ́ pé Mama fọwọ́ kan nǹkan.

Òun náà! Ọmọ tí ọwọ́ yẹn gan-an wẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i!

Mo gbé ìgò kan nínú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ, mo jáde.

Ní Saturday, mo ra àgbọn. Mo jókòó sí ẹ̀yìn ilé mi, mo fọ́ ọ, mo rẹ́ ẹ, mo fún un, mo gbé omi rẹ̀ kaná. Èmi lańlọ́ọ̀dù! Èèpo kún àgbàlá, ewúrẹ́ gbogbo Oregbeni dé, àwọn ayálégbé ń yọjú lójú fèrèsé, wọ́n ń ṣe kẹ̀ẹ̀kẹ̀ẹ̀. Mo ní ẹ máa rẹ́rìn-ín.

Ìyàwó mi ń wò mí láti ẹnu ilẹ̀kùn. Ó pẹ́ tó ti ń wò. Nígbà tó yá, ó wá, ó gba ọmọrogùn lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ ti fẹ́ jó o."

Nígbà tí òróró là, tó tutù, ó kán díẹ̀ sí apá rẹ̀, ó fi ọwọ́ rà á. Ó ní, "Èyí ń wọra." Mo ní tìyẹn ńkọ́? Ó ní, "Tìyẹn kì í wọra. Orí ara ló ń dúró sí. Ọwọ́ mi sọ fún mi, Bàbá Ṣọlá. Mo ní dídán ló ń dán. Mo ní ọmọ wa ni."

Ni omi bá lé ròrò sí i lójú. Mo wo ibòmíràn.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, mo ní kí Kúnlé àti ìyàwó rẹ̀ bá wa dé ilé Bàbá Fúnmi. Wọ́n gbé ọmọ dání. Fúnmi wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Mo gbé abọ́ sílẹ̀, mo da omi sí i, mo tú yìnyín sí i, mo ki ìgò méjì bọ̀ ọ́, ti Fúnmi àti èyí tí a sè.

Ọ̀rẹ́ mi ń fi mí ṣeré. Ó ní, "Ẹ wá wò ó o, onígò ti di dókítà! Kí ni ká retí, kó fò sókè?"

Mo ní kó fara balẹ̀. Àdín àgbọn gidi, bí òtútù bá mú un, dídì ló máa dì. Ẹni tó bá ti lo ọyẹ́ rí nílé wa mọ̀ bẹ́ẹ̀.

A jókòó tì í. Ọmọ ń sín. Fúnmi ń wo ilẹ̀kùn. Nígbà tó yá, èyí tí a sè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, ó funfun, ó di gan-an bí òrí. Mo dojú ìgò rẹ̀ dé, kò dà. Mo dojú ìgò Fúnmi dé. Ó dà gbuurugbu sínú abọ́, bí omi.

Mo wá sọ gbogbo ohun tí mo fojú rí.

Ìyàwó Kúnlé kúnlẹ̀ fún ìyàwó mi, ó ní, "Mama, ẹ má bínú, ẹ dárí jì mí." Ó gbé ọmọ fún un. Ara ọmọ ti ń rọ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n bí ìyàwó mi ṣe gbà á, ọmọ ké. Ọmọ tuntun ń ké, ṣé ìyẹn jẹ́ nǹkan? Mo rí i pé ìyá rẹ̀ yára na ọwọ́, ó gbà á padà. Ojú mi ló ṣe.

Ọ̀rẹ́ mi dìde. Kò wo ọmọ rẹ̀, èmi ló ń wò. Ó ní, "O ò lè pè mí sí kọ̀rọ̀? Lójú àwọn ọmọ kéékèèké? Èmi tí a jọ sùn lórí ẹní?" Mo ní ìta ni wọ́n ti ba ọwọ́ ìyàwó mi jẹ́, ìta náà ni mo ti gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Ó ní kí n gbé abọ́ mi, kí n máa lọ. Mo gbé e.

Ẹ̀yin tó ń sọ pé ìlara ni, ẹ ti gbọ́ báyìí. Mi ò sọ pé kí ẹ má fi òróró igi para o! Òrí dára, àdín dára. Ìyá mi lò ó títí wọ́n fi darúgbó, ara wọn ń jọ̀lọ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹ béèrè èèpo. Ẹni tó bá ní àgbọn lòun ń tà, ẹ ní kó fi èèpo hàn yín. Ẹ gbóòórùn rẹ̀, ẹ fi í sí òtútù, ẹ wò ó bóyá ó ń wọra. Tó bá jẹ́ ọmọ tuntun, ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kí ẹ tó kan ohun kan sí i lára. Ìfura loògùn àgbà. "Ọmọ wa ni" kì í ṣe èdìdì!

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta nínú yín ni ẹni tirẹ̀ ti ta ayédèrú ọjà fún rí, tó rà á torí pé ọmọ wa ni? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ẹ má tijú. Ẹ jẹ́ ká la ara wa lóye.

Ọmọ mìíràn ti dé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa láti ìgbà náà. Mo ń lọ sí ìsọ̀ láàárọ̀, mo rí obìnrin mìíràn tó gbé báàfù wọlé ìyálọ́mọ. Kò sẹ́ni tó bú ìyàwó mi mọ́. Kò sì sẹ́ni tó pè é.

Ohun tó bá ọ̀rọ̀ yìí lọ nìyí, mi ò fi kún un, mi ò yọ nínú rẹ̀: ọ̀rẹ́ kan. Ọmọ ọ̀rẹ́ kan. Ìjókòó mi nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Àti báàfù kan, tó ṣì dojú dé lẹ́yìn ilẹ̀kùn.